Sájẹ́ńtì Kan àti Kọ́pùrà Kan ní Ilé Sinimá

Òórùn gúgúrú ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí bàbá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gúgúrú lásán o, gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, bàbá mi di ẹ̀pà sínú ọ̀rá, ó tì í bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì gbé e wọ ilé sinimá níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọlé láti ìta. Nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún un, ó bi mí pé irú ènìyàn wo ló ń jẹ gúgúrú láìfi ẹ̀pà sí i. Mo ra gúgúrú ràbàtà kan, a sì yọ́ wọlé bí olè méjì. Ṣùgbọ́n kí n tó dé inú sinimá, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé wa débẹ̀.

Sójà ni bàbá mi. Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló wọṣẹ́ ológun, ó ja ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, ó sì fi ipò sájẹ́ńtì fẹ̀yìn tì. Nílé wa ní Ìṣẹ́yìn, gbogbo nǹkan ló ní àyè tirẹ̀: bàtà ní ẹsẹ̀ ògiri, korobá lẹ́bàá kànga, àwa ọmọ níwájú ìlẹ̀kùn ní kùtùkùtù, kí ó lè yẹ eyín àti èékánná wa wò kí a tó lọ sílé ìwé. Ìyá mi nìkan ló lè pàṣẹ fún un. Bí ìyá mi bá ti ní, "Sájẹ́ńtì, ẹ wá jẹun," kíá ni yóò dìde. Nígbà tí ìyá mi ṣaláìsí, ẹ̀yìn ilé náà ni a sin ín sí, bàbá mi sì ń dá gbé inú ilé ńlá yẹn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti wá sí Amẹ́ríkà. Mo ní kó wá sinmi, kó wá mọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Kò tíì pé oṣù kan tó dé tí mo fi mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò dára mọ́. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí omi orí ògì. Bó bá ń bu omi, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń dà á sí. Nígbà mìíràn mo wọlé, ó kí mi bí ẹni ń kí ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí mò ń wò: irú ojú bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, iṣẹ́ abẹ náà kò sì le. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bí a bá tètè ṣe é, yóò tún ríran dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tún gbàdúrà fún un. Nígbà tí a dénú mọ́tò, ó ní, "Èmi ò ṣe o."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù nìyẹn. Nílé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n máa ń rán sí àwọn arúgbó olóríkunkun. Àwọn ìyá àgbà tó ti fi ọ̀pá lé dókítà jáde, èmi ni mo máa ń fi ẹ̀rín wọlé tọ̀ wọ́n, kí n tó jáde wọ́n á ti gbé oògùn mì. Mo rò pé ti bàbá mi á rọrùn ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Láràárọ̀, bí mo bá ti iṣẹ́ dé, màá jókòó tì í, màá ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe ní í dùn ún, bí kò ṣe ní í pẹ́, bí ọwọ́ àwọn dókítà yẹn ṣe mọ́ tó. Lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ gbé fóònù mi sí i lójú pé kó wo fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin tí kò rí ife omi ni mo ń fi fídíò hàn! Bàbá mi á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á mi orí, á ní, "O káre, ọmọ mi. O kàwé." Lẹ́yìn náà á béèrè ohun tí a fẹ́ jẹ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo bá a tó ń di ẹrù. Ó ti ṣí àpótí rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ wá ṣẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn kó gún régé.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé. Mo ti ní kí ọkọ rẹ bá mi yí ticket padà. Next week Saturday ni."

"Appointment yín ńkọ́? Tuesday tó tẹ̀lé e ni!"

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ó ní, ó sì ti àpótí náà pa.

Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, mo sunkún. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè lọ báyìí, kò tún ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú yẹn mọ́ láé, àti pé nígbà tí mo bá máa fi tún rí i, kò ní mọ̀ mí àyàfi bí mo bá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Conyers, kì í bá ènìyàn sáré. Ó jókòó, ó ń bọ́ bàtà, ó ń gbọ́ ẹkún mi.

"Ìwọ náà sọ̀rọ̀ jù," ó ní. "Jẹ́ kí Bàbá sinmi. Ṣebí wọ́n fẹ́ràn fíìmù India? Wọ́n ń ṣe ọ̀kan ní cinema yẹn this weekend, àwọn old soldiers ló wà nínú ẹ̀. Gbé wọn lọ, kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Ẹni tí ò ríran ni kí n gbé lọ sinimá?"

"Ta ló ń fi ojú nìkan wo fíìmù India?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Láti kékeré ni bàbá mi ti ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń na aṣọ funfun mọ́ ògiri ní bárékè nígbà ayé wọn, tí wọ́n á máa fi fíìmù India hàn lára rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ èdè náà, kò sì sí ẹni tó ṣìnà. Wọ́n mọ ìkà láti ara irùnmú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ ti dé nìyẹn, kí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀ sáré lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n gbà pé ojúṣe èrò ìwòran ni láti ran akọni lọ́wọ́. Bí ọ̀tá bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo bárékè á pariwo pé, "Ẹ̀yìn rẹ! Wo ẹ̀yìn rẹ!" Ẹni tó bá dákẹ́, bàbá mi á ní, òun àti ọ̀tá jọ pín in ni. Báyìí náà ni wọ́n ṣe tọ́ wa níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ mo ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, mo ti kọ́ bí a ti ń wo fíìmù láìsọ̀rọ̀, mo sì ti ń fi ìyẹn ṣe fáàrí lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjèèjì lọ. Inú ilé sinimá ṣókùnkùn, àtẹ̀gùn ni wọ́n sì fi ń gun ibi ìjókòó. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Inú mi dùn, mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo rí i pé ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ ẹ́, mo ní ọjọ́ orí ni. Nọ́ọ̀sì gidi! A jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà sínú gúgúrú. Àwọn ará India ló kún ibẹ̀, tìyàwó tọmọ. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wé láwàní pupa jókòó ní ìlà iwájú wa gan-an, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú padà nígbà tí òórùn ẹ̀pà kàn án, ó wò wá, ó tún yíjú síwájú.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìletò kan wà lẹ́bàá òkè, àwọn ìgárá ọlọ́ṣà sì ń yọ ibẹ̀ lẹ́nu, wọ́n ń kó ọkà wọn, wọ́n fẹ́ lé wọn kúrò kí wọ́n lè gba ilẹ̀ náà. Olùkọ́bìnrin ilé ìwé ìletò yẹn rin ìrìn àjò lọ sí ìlú ńlá láti wá kápútéènì kan tó ti sìn ní agbègbè náà rí. Kápútéènì ti darúgbó. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó sì lọ kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ àtijọ́ jọ: ọ̀kan ń ta tíì, ọ̀kan ń tún rédíò ṣe, ọ̀kan ti sanra débi pé bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ológun rẹ̀ kò pa dé mọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti kó bàtà rẹ̀ pamọ́ kó má baà lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù ni mò ń kà, tí mò ń tú sí Yorùbá sétí bàbá mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbádùn, pé òun ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin oníkùn yẹn, ó ní kò sí irú rẹ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kankan láyé.

Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ó na ọrùn síwájú lójijì.

"Ọ̀gá yìí ò ríran," ó ní.

"Bàbá, ó ríran o. Ẹ ò rí bó ṣe ń pàṣẹ?"

"Wo ẹsẹ̀ ẹ̀."

Mo wo ẹsẹ̀ kápútéènì. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilé kan, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá etí àtẹ̀gùn, kó tó gbé ara lé e. Kò sí ohun tí wọ́n kọ nísàlẹ̀ fíìmù nípa rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí fíìmù náà tó wá fi hàn àwa yòókù, nígbà tí kápútéènì da tíì sí orí tábìlì tó rò pé inú ife ni. Bàbá mi ti mọ̀ ṣáájú gbogbo ilé sinimá. Báwo ni ẹni tí ojú rẹ̀ bò ṣe rí ohun tí àwa olójú kò rí? Mo rò ó, mo sì mọ̀ ọ́n: ìrìn ara rẹ̀ ló dá mọ̀ lára aṣọ ńlá yẹn. Ẹ̀rù bà mí. Ojú bàbá mi ti burú ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì ti ń fi pamọ́ fún mi, bí ọ̀gá yẹn ti ń fi pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Nígbà náà ni àwọn ọlọ́ṣà wá dé. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́nà sórí òkè ń fi aṣọ pupa juwọ́, ó ń juwọ́ kíkan kíkan. Kápútéènì dojú kọ ọ̀gangan ibẹ̀, ó wò ó, kò rí nǹkan kan, ó sì sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n lọ jẹun. Bàbá mi dìde dúró. Gúgúrú dà sílẹ̀.

"Sọ fún wọn!" ó pariwo. "Ọ̀gá! Sọ fún àwọn ọmọ rẹ! Má pa wọ́n!"

Mo di apá rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Wọ́n á lé wa jáde."

"Kí wọ́n lé wa! Ènìyàn ń kú!"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ti ń wá báàgì mi nínú òkùnkùn kí a lè máa lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn mìíràn. Ọkùnrin oníláwàní pupa ti dìde níwájú wa, ó na ìka sí kápútéènì, ó ń fi èdè tirẹ̀ bá a wí. Bàbá mi ń sọ ti Yorùbá, òun ń sọ ti India. Ẹnì kan súfèé láti ẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìdajì ilé sinimá ti ń pariwo mọ́ kápútéènì, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń ké pé, "Apá ọ̀tún! Wo apá ọ̀tún!" Ohùn mi ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n dá fíìmù dúró fún ìsinmi, nítorí pé fíìmù India máa ń fún ènìyàn láyè láti mí. Iná tàn. Ọkùnrin náà yí padà sí wa.

"You are army?" ó béèrè.

Bàbá mi na ara rẹ̀ tán, ó kó gìgísẹ̀ pọ̀. "Sergeant!"

Ọkùnrin náà na tirẹ̀ náà. "Corporal!"

Mo rí i tí àyà bàbá mi yọ síta díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó na ọ̀rá ẹ̀pà sí kọ́pùrà, kọ́pùrà bù ú, ìyàwó rẹ̀ náà bu díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi bí ìyàwó sójà ti ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú wàhálà kan náà. Mo sọ fún kọ́pùrà pé bàbá mi ti mọ̀ ṣáájú gbogbo wa pé kápútéènì kò ríran, ó sì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Bàbá mi fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀.

"My eye dey go," ó ní. "Small remain. The small wey remain, I wan use am see my house and my wife grave. If doctor spoil am, wetin I go take see?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń ṣa gúgúrú tó dà sílẹ̀. Díẹ̀ tó kù nínú ojú náà, ilé àti sàréè ìyá mi ló fẹ́ fi í wò. Ìdí tó fi ń di ẹrù nìyẹn. Gbogbo ìwàásù tí mo ti ń ṣe láràárọ̀, n kò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Àwa kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ wo ló máa wo ojú bàbá rẹ̀, sójà, kó ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà yín ni?" Òun náà kì í ṣe ẹni tó máa sọ ọ́ fún ọmọ. Kọ́pùrà tí kò mọ̀ rí ló sọ ọ́ fún.

Kọ́pùrà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Me also. Both." Ó ní nǹkan funfun náà ti bo tòun náà rí. Wọ́n ṣe ọ̀kan, ó fi ìyẹn ríran títí tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe èkejì.

"One one?" bàbá mi ní. "Not two same day?"

"Never same day."

Bàbá mi yí padà sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹyọ kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

Ó wò mí, tàbí kí n ní ó wo apá ibi tí mo wà. Ó mí kanlẹ̀. Mo ti sọ fún un nípa ẹ̀rọ, mo sọ nípa oògùn, mo sọ nípa ìwé ẹ̀rí dókítà. Ojú mi méjèèjì là, n kò sì rí ohun kan ṣoṣo tó ń wá.

Iná kú, fíìmù ń bá a lọ. Ìlà iwájú wa ni kọ́pùrà wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kó ìyàwó rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ wa báyìí. Kápútéènì jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ níkẹyìn, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn ti fara gba ọta. Mo rò pé wọ́n á bínú sí i. Ọkùnrin oníkùn yẹn ló kọ́kọ́ dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì ń sọ ohun tó ń rí fún un, igi dé igi, òkúta dé òkúta. Báyìí ni wọ́n ṣe jà, tí ìletò náà fi bọ́. Bàbá mi sunkún, kọ́pùrà sunkún, àwọn méjèèjì sì fi áńkáṣíìfù kan náà nu ojú, wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù ara wọn kí a tó jáde.

Nínú mọ́tò, nígbà tí a bọ́ sójú títì ńlá, bàbá mi yíjú sí mi.

"Corporal," ó ní.

"Sà?"

"Corporal ti ṣe méjèèjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

A kọjá ilé epo, a kọjá ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ti ń ya sí àdúgbò wa.

"Kò dáa kí sergeant wà lẹ́yìn corporal," ó ní. "Sọ fún ọkọ rẹ kó tún bá mi yí ticket yẹn. Ojú òsì ni kí wọ́n mú. Tọ̀tún, mò ń gbé e lọ sílé bó ṣe wà."

Mo ní, "Yes, sà." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ jó, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń wa mọ́tò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, fóònù bàbá mi dún. Kọ́pùrà ni. Ó béèrè pé, "Sergeant, any fear?" Bàbá mi ní, "No fear!" Ohùn rẹ̀ le gan-an. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣí ìbòjú náà kúrò. Bàbá mi ṣẹ́jú, ó wo dókítà, ó wo àjà, ó wá wò mí. Ó wò mí pẹ́.

"Ìwọ náà ti hewú," ó ní. "Ẹ ò sì sọ fún mi."

Dókítà béèrè ohun tó sọ. Mo ní ó ní òun dúpẹ́. Láti ibẹ̀ dé ilé, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ló ń kà sókè. Nígbà tí a wọlé, ó rí eruku orí fíríìjì, ó rí ìdí ìkòkò mi, ó rí ibi tí àwọn ọmọ mi ti fi bírò ya àwòrán sí ara ògiri. Mò ń tẹ̀lé e láti yàrá dé yàrá, mò ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tó dé pálọ̀, ó dúró. Àwòrán ìyá mi wà lára ògiri níbẹ̀, lókè àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Wọ́n yà á lọ́dún ìgbéyàwó mi, oòrùn ń ta sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti dé, kò sọ ohunkóhun nípa àwòrán náà rí. Mo ti rò pé ó ń dùn ún ni. Nígbà mìíràn inú tilẹ̀ máa ń bí mi, pé ọkùnrin wo ló máa jókòó sábẹ́ ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò ní gbé ojú sókè.

"Ìgbà wo lẹ gbé e síbí?" ó bi mí.

"Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé, sà."

Ó fa àga kúrò, ó sún mọ́ ògiri, ó fi àtàǹpàkò nu eruku orí gíláàsì náà.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní. "Ibí lo wà."

Mo ní mò ń lọ gbé omi kaná. N kò gbé omi kankan kaná. Mo dúró nínú kíṣíìnì, mo sunkún ayọ̀ àti ti ìbànújẹ́ pọ̀, n kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni ó lọ sílé. Mo bọ́ àwòrán náà kúrò lára ògiri, mo fi aṣọ wé e, mo fẹ́ kí ó gbé e lọ. Ó tú aṣọ náà, ó sì gbé àwòrán náà padà sí ibi tó wà, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní sàréè rẹ̀ ni òun ń lọ wò nílé, pé ẹ̀rín yẹn ni òun máa padà wá fi ojú kejì wò.

Ó padà wá lóòótọ́, wọ́n sì ṣe ojú kejì náà. Ó ti di àlọ-àbọ̀ láàárín Ìṣẹ́yìn àti Stone Mountain báyìí. Bó bá wà lọ́dọ̀ wa, kọ́pùrà a máa wá kí i, wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀pà jẹ gúgúrú, wọ́n á máa pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ṣì ń rán mi sí àwọn olóríkunkun. N kì í sáré ṣàlàyé ẹ̀rọ fún wọn mọ́. Mo máa ń fa àga, màá jókòó tì wọ́n, màá bi wọ́n pé kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi ojú wọn rí. Ó máa ń ya mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tí kò ní èsì sílẹ̀.